Ọjọ́ Méje Pẹ̀lú Mẹ̀sí-Ọlọ́yẹ́ Bàbá Wa: láti Ifẹ̀ dé Erin-Ìjẹ̀ṣà

Ọjọ́ Ajé, Ilé-Ifẹ̀

Màámi á pé ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. Wọn ò béèrè aṣọ, wọn ò ní ká pa màlúù. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù kò ju ẹyọ kan lọ: "Mọ́tò bàbá yín ni kó o fi wá gbé mi. Mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Erin-Ìjẹ̀ṣà."

Mọ́tò bàbá wa ni Mercedes 230E, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990, tí gbogbo wa mọ̀ sí V-boot. Àwọn àgbà àdúgbò wa ní Iléṣà kò mọ 230, wọn kò mọ E. Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí òtútù tó máa ń fẹ́ nínú rẹ̀ bí ọyẹ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Bàbá ti re ibi àgbà ń rè, ọwọ́ mi ló wà. Kìlómítà 312,460 ló wà lójú gééjì láàárọ̀ yìí.

Ara ọkọ̀ náà kò yá. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ní àrùn kan: bó bá gbóná dáadáa, á kú lójú ọ̀nà lójijì, láìhúkọ́, láìgbọ̀n. Bó bá tutù tán, á jí bíi pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ní ohun tó rò pé ó fà á, owó èmi ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé Mẹ̀sí àtijọ́ ń jẹ owó. Mo ti ṣírò owó tí mo ná láàárín ọdún méjì yẹn, mo sì rí i pé ọkọ̀ yìí kò jẹ tó ìdajì rẹ̀. Ìméfò ló jẹ ìyókù.

Ohun tí mo lè ṣe fúnra mi ni mo ṣe lónìí. Mo wo ọ́ìlì, ó pé. Mo wo táyà. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn jẹ́ tòkunbọ̀, ojú wọn jinlẹ̀, wọ́n sì ń dán, àmọ́ nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ wọn, nọ́ńbà mẹ́rin tí mo bá níbẹ̀ ni 0913. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2013 nìyẹn. Rọ́bà tó ti gbó bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lórí eré, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Mo lọ ra tuntun méjì ní Lágere, 195/65 R15, mo sì dúró ti fọkanáísà títí ó fi dè wọ́n tán. Ọwọ́ ni mo ní kó kọ́kọ́ fi wé nọ́ọ̀tì márààrún kó tó mú sípánà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ifẹ̀ sí Ìbàdàn

Mo ń lọ sí ọjà páàtì Àràròmí ní Agodi Gate, torí àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí n kò rí ojúlówó wọn rà ní Ifẹ̀. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná tó. Ẹnì kan ti yọ ti ọkọ̀ yìí dànù nígbà kan, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ yìí, pé ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò fún wa. Nígbà tí mo kúrò ní Ifẹ̀, mo ń wo abẹ́rẹ́ omi, èyí tó ń fi bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn: ní Mọ́rọ̀, ó wà ní 60. Ní Gbọ̀ngán, ó ṣì wà ní 60. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kò mọ̀ pé òun ti jí. Á máa bu epo mu bíi pé òwúrọ̀ ni, ọ́ìlì rẹ̀ kò ní í já gaara, irin á máa jẹ irin.

Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ti tò ṣáájú Ìkirè, tí a dúró fún bí ogójì ìṣẹ́jú nínú oòrùn, ara rẹ̀ wá gbóná lóòótọ́. Bí mo ṣe ní kí n gbéra, ó kú.

Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin méjì kan, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Mo ra dòdò Ìkirè, èyí tó dúdú, tó ta lẹ́nu, mo jókòó sábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. N kò fi kún iná, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà tó kú, iye tí abẹ́rẹ́ omi wà, ìgbà tó jí. Mo ti pinnu pé ọ̀tẹ̀ yìí, n kò ní í gbé àrùn lọ fún oníṣègùn láìgbé ìtàn rẹ̀ dání.

Ní Àràròmí, mo rí thermostat ojúlówó, tí wọ́n tẹ 87 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó fi máa ń ṣí. Mo ra bẹ́líìtì fáànù àti ẹ̀rọ ìsẹ́ epo kan. Ọkùnrin tó tà á fún mi gbọ́ àlàyé àìsàn ọkọ̀ mi, ó sì gbé pọ́ǹpù epo méjì lé orí tábìlì kí n tó sọ̀rọ̀ tán. "Ìyá mi, ẹ fi èyí sí i, ẹ ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, n kò sì rà á. Alẹ́ ni mo fi padà, atẹ́gùn tutù, ọkọ̀ náà sì sá lọ geere dé Ifẹ̀.

Ọjọ́rú, Ilé-Ifẹ̀

Gbogbo ọjọ́ òní ni mo lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tí mo gbé e lọ bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Mẹ̀sí nìkan ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹnì kan tó máa ń lo ọkọ̀ bíi tèmi ló júwe wọn fún mi. Mo ka ohun tí mo kọ sínú ìwé fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ láìsọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n tún un kà.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohùn pọ́ǹpù nígbà tó kú?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ̀tẹ̀ la ó kọ́kọ́ pa, ká tó pa làpálàpá. Ẹ gbà mí láyè kí n jẹ́ kó kú lójú mi."

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ooru lè mú un, wọ́n lọ jẹun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kó tó kú. Ọ̀gá kò sáré. Wọ́n fa wáyà plọ́ọ̀gì kan, ọmọṣẹ́ wọn yí kọ́kọ́rọ́: iná ń ta pàrà. Kì í ṣe kọ́ìlì nìyẹn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sẹ́bàá táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, torí iwájú rẹ̀, lábẹ́ ọkọ̀, ni pọ́ǹpù epo wà. Ọmọṣẹ́ tún yí i. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Pọ́ǹpù tí mo ra ní ọdún tó kọjá, kò dún rárá.

Ẹlòmíràn á ní pọ́ǹpù ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Ọ̀gá lọ sẹ́yìn bátìrì, wọ́n ṣí ìdérí ike kan, wọ́n fa relay kan jáde, dúdú, kò ju páálí ìṣáná lọ. Wọ́n fi wáyà kékeré kan so ihò méjì pọ̀ níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀: hùùùùn. Ara pọ́ǹpù le. Ẹni tó yẹ kó pàṣẹ fún un ni kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ relay náà fún mi. Ó máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á gbọ́ bó ṣe ń yí. Bó bá ti gbọ́ ọ, á fún pọ́ǹpù ní iná. Bí kò bá gbọ́ ọ mọ́, á gé iná náà, kó má baà jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, epo á ṣì máa tú jáde. Nítorí náà, bí relay bá ṣàìsàn, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa á kú bíi pé ẹnì kan pa á.

Wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí ike ara rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n fún mi ní gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń lò. Fún ìṣẹ́jú kan, n kò rí nǹkan kan ju àmì lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yọ́ láti fi mú àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀, róbótó róbótó, bí ẹyin ìgbín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i. Yíká ẹsẹ̀ irin kan, ìlà dúdú kan wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, ó yí i po bí òrùka. Lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti là. Bó bá tutù, irin àti lẹ́ẹ̀dì ń kan ara wọn. Bí ooru bá dé, wọ́n á fẹ̀, wọ́n á sì yà. Ọdún méjì. Pọ́ǹpù, kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì. Ìlà kan tí ojú lásán kò lè rí.

Ọ̀gá fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, wọ́n sì ṣe gbogbo àwọn ẹsẹ̀ yòókù pẹ̀lú, wọ́n ní èyí tí kò tíì là ń múra ni. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo béèrè iye owó, iye tí wọ́n dá kò tó owó plọ́ọ̀gì kan. Ó dùn mí fún wọn. Mo fi kún un, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹni tó fi ọgbọ́n gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó ńlá yẹ kó gba owó ọgbọ́n náà, kì í ṣe owó lẹ́ẹ̀dì.

Ní ìrọ̀lẹ́, a dé orí thermostat. Ọmọṣẹ́ gbé ìkòkò omi kaná lórí èédú. Ọ̀gá so thermostat mọ́ òwú, wọ́n rì í sínú omi, gbogbo wa wá yí ìkòkò ká bí ẹni ń retí ẹ̀wà kó jinná. Omi ń ṣe ooru, kò ṣí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ìfófòó kéékèèké nísàlẹ̀, kò ṣí. Kí omi tó hó, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀díẹ̀, bí ẹnu ọmọ tí oorun ń kùn. Wọ́n gbé e jáde, ó pa dé. "Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni Ọ̀gá wí, wọ́n sì fi í sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n da omi ìdọ̀tí inú rẹ́díétọ̀ nù, ó pupa bí omi ìpẹ̀tà, wọ́n fi omi mímọ́ ṣan án títí ó fi mọ́, wọ́n sì rọ kúláǹtì sí i.

Réwáyà kan tó wà nítòsí dá a lábàá pé kí a yọ fáànù ara ẹ́ńjìnnì, ká fi fáànù iná sí i ní dáréètì, kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Fáànù tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ́díétọ̀ bá gbóná, á di ara rẹ̀ mú, á yára. Bó bá tutù, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi fáànù tí kò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù ṣe?

Ọjọ́bọ̀, Ifẹ̀ sí Òṣú

Mo rọ epo kún táǹkì, mo lọ sí Òṣú, mo padà. Mo jẹ́ kó dúró ní títàn fún wákàtí kan ní ọ̀sán gangan. Abẹ́rẹ́ omi gòkè kọjá 80 díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kò kú. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, Ifẹ̀ sí Iléṣà

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo gbéra. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà, n kò rí iwájú dáadáa títí mo fi kọjá Òṣú. Eruku bo gíláàsì, mo sì fọn omi sí i, mo tan wápà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wápà ọkọ̀ yìí, àárín ló wà, àmọ́ kì í yí lásán bí ti ọkọ̀ mìíràn. Bó bá ń lọ sí igun, á na ara rẹ̀ síta kó lè dé igun òkè. Bó bá padà sí àárín, á tún fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé ẹnì kan ń naga nínú ìdí rẹ̀. Mo máa ń fi girísì sí ibi tó ti ń naga lọ́dọọdún, torí bí ibẹ̀ bá gbẹ, jíà inú rẹ̀ á jẹ ara wọn, rírí rẹ̀ rà kò sì rọrùn.

Màámi ti jókòó síwájú ilé kí n tó dé, wọ́n ti wé gèlè. Wọn ò kọ́kọ́ wo mi. Wọ́n rìn yí ọkọ̀ ká, wọ́n fọwọ́ kan ìràwọ̀ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ní, "O kú ìtọ́jú." Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀tún fún wọn. Ibẹ̀ ni ìjókòó olówó mọ́tò, àmọ́ Bàbá kò jókòó síbẹ̀ rí. Àwọn ni wọ́n máa ń wà á, Màámi ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀.

Mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí n fi jíà, ohùn wọn dé láti ẹ̀yìn:

"Ṣé abẹ́rẹ́ ọ́ìlì ti dé 3?"

Mo yíjú padà. Màámi kò wa ọkọ̀ rí láyé wọn. Wọ́n ní Bàbá kì í gbéra láàárọ̀ láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn, tó ń fi agbára ìtì ọ́ìlì hàn, ti lọ dúró sí 3, àwọn sì ti wo abẹ́rẹ́ náà láti ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mọ̀ ọ́n ju ojú aago lọ. Mo wò ó. Ó ti dé 3. Mo tún ṣàlàyé fún wọn pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, tí ọkọ̀ bá dúró, abẹ́rẹ́ náà lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò burú, bó bá ṣáà ti fò padà sókè nígbà tí a bá tẹ epo. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

A lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹ iyán, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìsọ̀kún àti Òkèèsà. Ní alẹ́, mo ti ilẹ̀kùn awakọ̀, mo sì tẹ́tí sí àwọn ilẹ̀kùn mẹ́ta yòókù bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fà wọ́n, kì í ṣe iná. Ti ẹ̀yìn òsì lọ́ra. Rọ́bà kan ti ń jò níbì kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Iléṣà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà

A gba Ìwàràjà. Láti ibẹ̀ lọ, òkè ló kù, igbó dúdú lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀nà sì ń lọ́. Níbi tó ti ga jù, mo fa jíà sí 3 kó má baà máa pààrọ̀ ara rẹ̀ sókè-sódò, mo sì ń wo abẹ́rẹ́ omi: 85, 90, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 100. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ fáànù bó ṣe di ara rẹ̀ mú, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀fúùfù nínú ọ̀pẹ. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe Màámi kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ti sùn lọ.

Nígbà tí a dé ilé ẹ̀gbọ́n wọn, mo rí omi lábẹ́ ọkọ̀. Ọkàn mi já. Mo dúró títí ó fi tutù, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá rọ́bà kéékèèké tó ń gbé omi lọ sí ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ló ti sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti dè é. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Fún ọdún pípẹ́, omi ọkọ̀ yìí kò gbóná tó, agbára ìtì rẹ̀ kò sì pọ̀. Nísinsìnyí tí thermostat ti dá ooru rẹ̀ padà, rọ́bà tó ti rà ló jẹ́wọ́. Ó yẹ kí n ti wò ó ní Ọjọ́rú, kí n tẹ gbogbo rọ́bà níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì. Mo gé ibi tó sán náà kúrò, ó ṣì gùn tó, mo tì í wọlé padà, mo sì fi ìdè tó wà nínú búùtù dè é. Mo bu omi sí i. Kò jò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Màámi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n ń sọ Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀ débi pé mo pàdánù ìdajì rẹ̀. Wọ́n ní ká gbé àwọn dé ibi omi Olúmirìn. Gígùn àwọn ìpele òkè kọjá agbára wọn, nítorí náà mo gbé ọkọ̀ dé ibi tó lè dé, a ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn, wọ́n ń gbọ́ ìró omi láti ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ títí oòrùn fi wọ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ni mo fi jíà dá ọkọ̀ dúró, mo fa á sí 2 níbi tó gẹ̀rẹ̀ jù, kí bíréèkì má baà gbóná. Màámi sùn títí a fi dé Iléṣà.

Ọjọ́ Àìkú, Iléṣà sí Ifẹ̀

Ọ̀nà dá. Mo rọ epo ní Ifẹ̀, mo sì ṣírò: kìlómítà 186 láti Ọjọ́bọ̀, lítà 21. Kí a tó fi thermostat sí i, lítà 21 kì í gbé mi dé 140.

Ọ̀gá pè mí lọ́wọ́ alẹ́. Wọn ò béèrè Màámi, wọn ò béèrè ìrìn àjò.

"Ṣé ó kú?"

"Kò kú, sà. Rọ́bà omi kan ló sán, mo ti dè é."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mo yẹ kí n ti wò ó. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo rẹ̀ la ó pààrọ̀. Àti pé, Àǹtí, eruku ọyẹ́ á ti pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò da omi sí i o. Relay yẹn kò lómi lọ́rẹ̀ẹ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú aṣọ gbígbẹ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo lọ nù ún fúnra mi.